Ọ̀gá ń fàbùkù kàn mí lójú ẹlẹgbẹ́, mò ń gbé e mì: báwo lẹ ṣe ń kápá ọkàn yín níbi iṣẹ́ àti nílé-ìwé?

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ kú ilé o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ JSS2 àti SS1 nílé-ìwé aládàáni kan n'Íbàdàn. Iṣẹ́ náà ò le jù fún mi, àwọn ọmọ náà ò sì burú. Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ni wàhálà mi. Tí wọ́n bá rí àṣìṣe nínú lesson note mi, wọn ò ní pè mí sí ọ́fíìsì. Inú staffroom níbi tí gbogbo wa ti ń jẹun ni wọ́n á ti wá jù ú sórí tábìlì mi, wọ́n á ní, "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ẹ ní fásitì nìyí?" Màá kúnlẹ̀, màá ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó tán lójú tiwọn nìyẹn. Lọ́dọ̀ tèmi, ibẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Orí á máa fọ́ mi títí màá fi délé. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sunday, tí mo bá ti ń lọ aṣọ tí mo máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì, àyà mi á máa já.

Ọ̀rọ̀ kejì ni ti ọmọkùnrin kan ní JSS2. Ó mọ ìṣirò dáadáa, àmọ́ tí máàkì rẹ̀ bá fi ẹyọ kan péré kéré sí ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, yóò fa ìwé náà ya níbẹ̀, yóò sì gbórí lé tábìlì títí agogo yóò fi lù. Èmi tí mi ò tíì rí tara mi ṣe, kí ni mo fẹ́ sọ fún un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti la irú rẹ̀ kọjá ni kó dá mi lóhùn. "Gbàdúrà sí i" àti "ṣáà máa fara dà á," mo ti gbọ́ méjèèjì nílé.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Àǹtí tíṣà, ẹ kú ìfaradà. (Ẹ má bínú, ìkíni lásán ni!)

Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ni mo wà, òru ni mo sì máa ń ṣe jù. Ohun tí ọ̀gá wa kan kọ́ mi ni pé tí mo bá ti sọ pé "inú ń bí mi," kí n má dúró síbẹ̀. Ìbínú ló máa ń kọ́kọ́ yọjú, àmọ́ nǹkan mìíràn sábà máa ń wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé ìtìjú ni, torí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń wò yín? Àbí ẹ̀rù ni, pé wọ́n lè gbaṣẹ́ lọ́wọ́ yín? Ó lè jẹ́ pé ó dùn yín ni, torí ẹ fi òru kọ ìwé yẹn. Ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ẹ̀ ti sú yín. Ohun tí ẹ máa ṣe sí ọ̀kan kọ́ lẹ máa ṣe sí èkejì. Tó bá jẹ́ ẹ̀rù ni, ẹ lọ wádìí bóyá iṣẹ́ yín wà nínú ewu lóòótọ́. Tó bá ti sú yín, ìsinmi lẹ nílò, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò ràn án. Tó bá wá jẹ́ ìtìjú, àfi kí ibi tí wọ́n ti ń bá yín wí yí padà, ẹ̀yin náà lẹ sì máa là á ní ọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ ti wò ó. Lọ́dún 2007, Matthew Lieberman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní UCLA fi àwòrán ojú àwọn tó ń bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà han àwọn kan, wọ́n sì ń fi ẹ̀rọ wo ọpọlọ wọn bí wọ́n ṣe ń wo àwòrán náà. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ tó bá ohun tó wà lójú ẹni inú àwòrán mu, amígídálà, ìyẹn apá inú ọpọlọ tó máa ń ta gìrì tí ewu bá dé, rọlẹ̀. Ẹ rí i pé wọn ò tíì ṣe nǹkan kan sí i o, wọ́n kàn pè é lórúkọ ni.

Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn náà. Lóru ọjọ́ kan, bàbá kan já wọ wọ́ọ̀dù wa, ó ń pariwo pé a fẹ́ pa ọmọ òun, pé a ò rí nǹkan kan ṣe. Nọ́ọ̀sì kékeré kan lára wa ti fẹ́ dá a lóhùn. Mo wo ẹsẹ̀ ọkùnrin náà: sálúbàtà ẹsẹ̀ kan jẹ́ tirẹ̀, ti ẹsẹ̀ kejì jẹ́ ti obìnrin, ó tún ṣe róbótó níwájú. Ẹ̀rù ló gbé e jáde nílé láìwẹ̀yìn. Mo ní, "Bàbá, ẹ jókòó síbí, ẹ di apá ọmọ yín mú fún mi, kí n lè rí iṣan rẹ̀ dáadáa." Ó jókòó, ariwo sì tán, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti ríṣẹ́ ṣe. Ká ní ìbínú rẹ̀ la dá lóhùn ni, sikiọ́rítì ni à bá pè.

Má_tàn_mí

Mo fara mọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ìmọ̀lára yìí (emotional intelligence), ìyẹn kéèyàn mọ ohun tó ń ṣe ọkàn rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, ti di ọjà. Ẹni tó bá ti ní máìkì àti kóòtù, á ní òun fẹ́ kọ́ yín ní ọjọ́ kan, á gbowó, á fún yín ní sàtífíkéètì.

Ibi tó ti wá rèé fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Peter Salovey ti Yale àti John Mayer ti New Hampshire ló kọ àpilẹ̀kọ tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 1990. Ọdún 1995 ni Daniel Goleman, akọ̀ròyìn, kọ ìwé tó gbé e dé gbogbo ayé, ibẹ̀ ni àsọdùn sì ti bẹ̀rẹ̀, pé ó ju orí pípé lọ, pé òun ló ń sọ ẹni tó máa là. Mayer fúnra rẹ̀ ti kọ̀wé tako irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun àti Salovey ń sọ ò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó jẹ́ agbára mẹ́rin: kéèyàn rí ohun tó wà lójú ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn, kó mọ bó ṣe ń darí èrò rẹ̀, kó mọ ibi tó ti wá àti ibi tó ń lọ, kó sì wá mọ ohun tó máa ṣe sí i. Nọ́ọ̀sì ti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí sálúbàtà yẹn láìsanwó fún ẹnì kankan.

Bàbá_Ọ̀gá_Àná

Ọmọ mi, Tíṣà, mo kí ọ. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe tí mo fi gba ìfẹ̀yìntì n'Íjẹ̀bú, mo sì ti jókòó sórí àga igbákejì ọ̀gá náà rí. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun kan tí àwọn èwe ìwòyí kì í fẹ́ gbọ́: ìyá yẹn lọ́gàá tiwọn. Ẹni tó ni ilé-ìwé ń béèrè iye ọmọ tó kù tí wọn ò sanwó, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba lè yọjú nígbàkigbà, lesson note sì ni ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń béèrè. Mi ò ní kí o gba ìwọ̀sí. Mo ní kí o mọ ibi tí ẹrù ti ń wọ̀ wọ́n kí o tó lọ bá wọn.

Bí o bá máa lọ, má lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ọ wí. Jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú. Má lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, má sì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n ń gba owó ilé-ìwé. Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ni kí o kanlẹ̀kùn. Mú lesson note tuntun tí o ti tún ṣe dání, kí ọwọ́ rẹ má ṣófo. Kúnlẹ̀ bí o ṣe máa ń kúnlẹ̀. Kí o wá ní: "Ẹ ṣé mà, tí ẹ ń wo iṣẹ́ mi. Mo ti tún èyí ṣe. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo wá bẹ̀: tí ẹ bá tún rí àṣìṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n máa wá gbà á ní ọ́fíìsì yín. Tó bá jẹ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ojú máa ń tì mí débi pé mi ò ní gbọ́ àtúnṣe náà mọ́." Lẹ́yìn ìyẹn, pa ẹnu rẹ mọ́. Má fi "nítorí pé lọ́jọ́ yẹn ẹ tún sọ pé" kún un. Ohun tí o fẹ́ lo wá sọ. Má ka ẹ̀ṣẹ̀ wọn sí wọn lọ́rùn.

Bí kò bá yí padà, wá alágbàwí. Kò sí àgbà tí kò ní ẹni tó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ó lè jẹ́ olùkọ́ àgbà kan tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó lè jẹ́ akọ̀wé àgbà. Ẹni tó bá lè sọ fún wọn pé "Màmá, ọmọ yìí ń ṣiṣẹ́ o, ẹ máa pè é sí kọ̀rọ̀" ni kí o bẹ̀. Ọ̀nà tiwa nìyẹn, ó sì dára ju kí o lọ kọ ọ́ sórí WhatsApp lọ.

Tíṣà_Ìṣirò

Ẹ ṣeun sà. Màá gbìyànjú ẹ̀. Àmọ́ tí omijé bá wá ń bọ̀ níbi tí mo ti ń sọ ọ́ ńkọ́? Omijé mi kì í pẹ́ já.

Nọ́ọ̀sì_Òru

Ẹ mí jáde kó pẹ́ ju bí ẹ ṣe mí sínú lọ. Ẹ ka mẹ́rin nígbà tí ẹ bá ń fà á sínú, mẹ́fà tàbí méje nígbà tí ẹ bá ń tú u jáde, bí ìgbà mẹ́ta sí márùn-ún, kí ẹ tó kanlẹ̀kùn. Mímí jáde tó gùn máa ń jẹ́ kí ọkàn lù díẹ̀díẹ̀. Tó bá ṣì fẹ́ já, ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n mumi, mò ń bọ̀." Kò séwu níbẹ̀. Omijé kì í ṣe ìwà àrífín.

Ajìpè_Lékòó

Èmi, fóònù ni mò ń gbé látàárọ̀ dalẹ́ nílé-iṣẹ́ kan l'Ékòó tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá há sínú ẹ̀rọ ìsanwó kò mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo gbé e. Á bú mi, á bú bàbá mi, èmi á sì máa sọ pé "Ẹ ṣeun tí ẹ pè wá, sà." Onímọ̀ àwùjọ kan ní Berkeley, Arlie Hochschild, ti kọ̀wé nípa irú iṣẹ́ yìí láti 1983. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú Delta ló wò, tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa rẹ́rìn-ín títí wọ́n á fi bà, ó sì tún wo àwọn tó ń gba gbèsè lọ́wọ́ àwọn èèyàn, tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ kí wọ́n le koko. (Ẹni tí àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù bá ti pè rí máa mọ ohun tí mò ń sọ!) Ó ní kéèyàn máa fi ojú rẹ́rìn-ín nígbà tí inú ń gbóná, iṣẹ́ ni, ó sì ń jẹni run bí iṣẹ́ yòókù.

Ohun tó ṣàǹfààní fún mi ni pé mi ò gbìyànjú láti má bínú mọ́. Mo máa ń bi ara mi pé: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni yìí kó tó pè? Owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀. Tí mo bá rò ó bẹ́ẹ̀, "Ẹ pẹ̀lẹ́ sà" mi á jẹ́ òótọ́, kò ní dà bí ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀. Tí ìpè náà bá parí, mo máa ń dìde dúró kí n tó gbé òmíràn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ gbùrúùpù WhatsApp ibi iṣẹ́. Bí ọ̀gá bá fi nǹkan ránṣẹ́ lálẹ́ tó bí yín nínú, ẹ kọ èsì yín sínú nóòtù fóònù, kì í ṣe inú gbùrúùpù. Ẹ tún un kà láàárọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ẹ máa pa ìdajì rẹ̀ rẹ́.

Ọmọ_Ifẹ̀_400L

Ohun tí Àǹtí Lékòó sọ yẹn, pé kéèyàn tún ọ̀rọ̀ náà rò dípò kó máa bò ó mọ́lẹ̀, ọ̀kan lára ohun tí wọ́n kọ́ wa nínú PSY, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, ni. James Gross ní Stanford fi fíìmù tó ń kóni nírìíra han àwọn èèyàn lọ́dún 1998. Àwọn kan ní láti bo ojú wọn mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó ń ṣe wọ́n. Ohun tó ń ṣe wọ́n kò dín kù rárá, ara wọn tún ń ṣiṣẹ́ gan-an lábẹ́ aṣọ. Àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n fi ojú mìíràn wò ó, láìjẹ́ kó wọ̀ wọ́n lọ́kàn, ni ìríra náà dín kù fún. Tíṣà, orí fífọ́ yín yẹn ò yà mí lẹ́nu. "Ẹ má bínú, mà" tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, bíbò ni.

Ti ìdánwò ni tèmi. Kí wọ́n tó pín ìwé, inú á máa ru, ọwọ́ á tutù. Ohun méjì ni mo máa ń ṣe. Àkọ́kọ́, mo máa ń kọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù sórí bébà kan fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó jáde ní hostel, gbogbo ẹ̀, títí kan "tí mo bá feeli, kí ni màá sọ fún màámi," màá sì sọ bébà náà nù. Ramirez àti Beilock tẹ ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011 tó fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ìdánwò máa ń bà tó ṣe bẹ́ẹ̀ ṣe dáadáa sí i. Èkejì, mi ò sọ fún ara mi pé "fọkàn balẹ̀" mọ́. Ara tó ti gbóná kì í gbọ́ ìyẹn. Alison Wood Brooks ní Harvard ní kí àwọn kan sọ pé ara àwọn ti wà lọ́nà, pé inú àwọn ń dùn sí i, kí wọ́n tó kọrin tàbí sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn tàbí ṣe ìṣirò. Wọ́n ṣe é ju àwọn tó ń pàrọwà fún ara wọn lọ. 2014 nìyẹn. Ara tó ń gbọ̀n nítorí ẹ̀rù àti èyí tó ń gbọ̀n nítorí pé wọ́n fẹ́ fọnfèrè eré bọ́ọ̀lù, ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọmọ JSS2 yẹn. Mo fẹ́ bi yín, Tíṣà: ta ló ń ka ìwé náà nílé?

Mo bí ìbejì. Kẹ́hìndé máa ń gba máàkì ju Táyé lọ. Bàbá wọn, èèyàn dáadáa, ní gbólóhùn kan tí gbogbo wa la gbọ́ dàgbà: "Ẹni tó gba ipò kìíní, ṣé orí méjì ló ní ni?" Táyé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìdánwò sábẹ́ mátíràsì. Ìwé tí kò dé ilé ò lè rojọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tiyín máa ya tirẹ̀ nítorí pé ibi tó ń gbé e lọ ló ń bà á lẹ́rù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kàn jẹ́ ẹni tí wọ́n máa fi wé e ni.

Ẹ má bi í lójú kíláàsì. Ẹ rán an níṣẹ́, kó bá yín kó ìwé dé staffroom, kí ẹ wá bi í lọ́nà pé, "Tí bàbá rí mẹ́tàdínlógún nínú ogún, kí ni wọ́n máa sọ?" Ọmọ ọdún méjìlá kì í sọ̀rọ̀ tí ẹ bá jókòó kọjú sí i, tí ẹ bá jọ ń rìn ló máa ń sọ.

Tíṣà_Ìṣirò

Ìyá Ìbejì, ẹ̀rín pa mí, omi sì tún bọ́ lójú mi. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ ní kò sí nǹkan kan. Nígbà tá a dé ẹ̀gbẹ́ kànga ló ní, "Wọ́n á ní kí n lọ máa gbé pẹ̀lú ìyá ọ̀rẹ́ mi." Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ.

Ìyá_Ìbejì

Ẹ ò ní láti sọ nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. "Ìyẹn máa dunni o" ti tó. Àwa àgbà máa ń yára sọ pé "wọ́n fẹ́ràn ẹ ni," ọmọ á sì gbọ́ pé ohun tó ń dun òun kì í ṣe òótọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbìyànjú èyí: tí ẹ bá fẹ́ dá ìwé padà, ẹ má kọ máàkì sórí rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tó ti ṣìnà, kó tún un ṣe, lọ́jọ́ kejì kí ẹ wá kọ máàkì. Á ti rí ohun tó lè ṣe sí i kó tó rí iye rẹ̀. Ẹ ṣe é fún gbogbo kíláàsì kó má baà dà bíi pé òun nìkan lẹ ń ṣọ́. Bàbá ni ìyókù, ẹ pè wọ́n wá lọ́jọ́ ìpàdé òbí, kí ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ọmọ wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ mi gba ọdún kan gbáko kó tó jáwọ́ nínú "orí méjì," ó sì tún máa ń yọ́ ọ sọ.

Àbúrò_Manchester

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i láti ibí. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Ọ̀gá Àná, ọ̀nà tiyín yẹn dáa gan-an n'Íjẹ̀bú, àmọ́ mo fẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ níbí mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka ojú níbí. Wọ́n kọ́ wa nílé pé kéèyàn má wo àgbà lójú tó bá ń bá a wí. Mánẹ́jà mi kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ mi pé mi ò fọkàn sí ọ̀rọ̀ òun, pé ó dà bíi pé mò ń fi nǹkan pa mọ́. Ọ̀wọ̀ ni mò ń fún un! Mo wá ṣàlàyé fún un nínú ìpàdé wa, mo ní níbi tí mo ti wá, ojú ilẹ̀ ni ọmọ tó gbẹ́kọ̀ọ́ máa ń wò. Obìnrin náà ò gbọ́ ọ rí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì parí.

Tí wọ́n bá sì bi yín pé báwo ni, wọn ò fẹ́ gbọ́ ìtàn o. Ibi tí wọ́n ti fẹ́ gbọ́ ọ ni ìpàdé ìwọ àti mánẹ́jà nìkan. Ẹ kọ ohun tó ń dùn yín sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, ìlànà ẹ̀sùn wà níbi iṣẹ́, Acas, àjọ kan níbí tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, sì máa ń gba òṣìṣẹ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù.

Barrister_Ọ̀kẹ̀_Àdó

Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti òkè, inú mi ò sì dùn tán. Gbogbo yín ń kọ́ ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ bó ṣe máa mí, bó ṣe máa kúnlẹ̀, irú ọjọ́ tó máa lọ. Ta ló ń kọ́ igbákejì ọ̀gá náà? Ẹ má jẹ́ ká fi ọgbọ́n ìmọ̀lára bo ìwà ìkà mọ́lẹ̀. Ní 2019, àjọ àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ṣe àdéhùn kan tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 190, tó tako ìwà ipá àti ìfìyàjẹni níbi iṣẹ́. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́dún 2022. Kì í ṣe lílù nìkan ló ń sọ. Ohun tó ń pa èèyàn lára lọ́kàn wà níbẹ̀, ó sì kan àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ náà.

Tíṣà, ẹ máa kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí, àti ẹni tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe pé mo ní kí ẹ gbé wọn lọ sí kóòtù lọ́la. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú ẹni tó ni ilé-ìwé, ẹni tó ní àkọsílẹ̀ ni wọ́n ń gbà gbọ́. Bí ẹ bá sì rí iṣẹ́ mìíràn, ẹ lọ. Kíkúrò náà jẹ́ ọgbọ́n.

Bàbá_Ọ̀gá_Àná

Barrister, mi ò bá ọ jà. Òótọ́ lo sọ nípa ẹni tó yẹ ká kọ́. Nígbà tiwa, kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ṣe ń bá olùkọ́ ọ̀dọ́ wí. Bí wọ́n ṣe bá wa wí la ṣe ń bá wọn wí. Àmọ́ iṣẹ́ ò sí nígboro bí o ṣe ń wí i yẹn. Jẹ́ kí ọmọ yìí kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ná. Àkọsílẹ̀ lè wà nínú dúrọ́ọ̀.

Barrister_Ọ̀kẹ̀_Àdó

Mo gbà sà. Kanlẹ̀kùn kí o sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Dókítà_Ọkàn

Ẹ kú ìjíròrò. Nǹkan kan ni mo fẹ́ fi kún un, nítorí àyà tó ń já ní ìrọ̀lẹ́ Sunday yẹn. Ní 2019, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ àìsàn wọn pé kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun (burnout) jẹ́ ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá, wọn ò pè é ní àìsàn. Àmì mẹ́ta ni wọ́n fi dá a mọ̀: ó rẹ èèyàn tinútinú, ọkàn rẹ̀ ti kúrò lára iṣẹ́ tàbí kó máa fojú burúkú wò ó, kò sì rí iṣẹ́ náà ṣe bó ṣe yẹ mọ́. Tó bá jẹ́ ìwọ̀nyí nìkan, àwọn ìmọ̀ràn òkè yìí àti ìsinmi lè tó.

Àmọ́ tí oorun ò bá wá mọ́, tí oúnjẹ ò wuni, tí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́, tí gbogbo ẹ̀ sì ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ wá dókítà. Tí èrò àtipa ara ẹni bá yọjú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ wá, ẹ má dá wà. Ẹ má sì sọ pé ibi àwọn wèrè ni. Ilé-ìwòsàn ọpọlọ Aró l'Ábẹ́òkúta, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, di ìlú mọ̀ọ́ká lágbàáyé nítorí pé wọn ò ti àwọn èèyàn mọ́lé. Àwọn abúlé àyíká ni àwọn aláìsàn ń gbé, mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń gbàtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Àwa la gbé ẹ̀gàn lé e lórí. Òfin wèrè àtijọ́ ti 1958 pàápàá ti kógbá wọlé láti January 2023, nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ.

Ajìpè_Lékòó

Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá lọ sí ilé-ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, ṣé wọn ò ní fi fáìlì ránṣẹ́ sí ibi iṣẹ́ mi? Ohun tó ń dí ọ̀pọ̀ wa lọ́wọ́ nìyẹn.

Dókítà_Ọkàn

Rárá. Òfin ìlera ti 2014 ti sọ ọ́ pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ aláìsàn. Láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i, tàbí kí kóòtù pàṣẹ, tàbí kí ewu ńlá wà fún ará ìlú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé e jáde fún agbanisíṣẹ́. Tí ìwé ìsinmi bá pọn dandan, ẹ lè ní kí wọ́n kọ iye ọjọ́ nìkan síbẹ̀, kí wọ́n má kọ ohun tó ń ṣe yín. Tí ojú bá sì ń tì yín láti gba géètì yẹn wọlé, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà gbogbogbòò nílé-ìwòsàn tí ẹ máa ń lọ. Ẹ tètè dé láàárọ̀, èrò máa ń pọ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, kí ẹ sì mú ẹnì kan tí ẹ fọkàn tán dání.